Hàbíbátù Fẹ́ Ilẹ̀ Onípákó

Ẹní ni Hàbíbátù ń tà ní Ìwó. Ìyá rẹ̀ tà á títí ó fi kú, ìyá ìyá rẹ̀ náà tà á, kò sì sí ẹni tó ń pe òun gan-an ní nǹkan mìíràn mọ́ lọ́jà ju Ìyá Ẹlẹ́ní lọ. Ẹní tí ìyàwó tuntun ń gbé lọ ilé ọkọ, ẹní tí aáfà ń jókòó lé kọ́ ọmọ ní kéwú, ẹní tí àgbàlagbà ń tẹ́ sábẹ́ igi nígbà tí oòrùn bá mú, èyí tí ẹ bá bèèrè ni yóò fà yọ. Obìnrin yìí ló wá kù díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún, tó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ́ ẹní lé.

Ẹ̀kọ gbígbóná ni Àmúdà ọkọ rẹ̀ ń mu lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀kọ náà gba ibi tí kò yẹ kọjá.

"Irú ilẹ̀ wo nìyẹn, Àníkẹ́?"

"Ilẹ̀ onípákó."

"Bíi ti ẹ̀yìn ọkọ̀ mi?"

Ọkọ̀ akẹ́rù ni Àmúdà ń wà kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó fi kó kòkó, ó fi kó iṣu, ibi gbogbo tí pákó bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa ń wá sí i lọ́kàn.

"Bíi ti òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì," ni Hàbíbátù dá a lóhùn. Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún un rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, tó ń ru ẹní tẹ̀lé ìyá rẹ̀, wọ́n máa ń dé ilé Bàbá Oníkòkó. Ọlọ́lá ni bàbá náà, pẹ́tẹ́ẹ̀sì ló kọ́, pákó sì ni ilẹ̀ òkè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ lẹlẹ́ní ń dúró sí. Ibẹ̀ ni Hàbíbátù kékeré máa ń wà, tí á gbójú sókè, tí á máa gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń rìn lórí rẹ̀, gbì, gbì, gbì, bí ẹni pé inú ìlù ńlá kan ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí ó gbé ẹní gòkè. Ó gbé e gòkè. Ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ pákó náà. Ó tutù, ó ń dán, ó sì rọ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí awọ ara ènìyàn. Kò wù ú kó gbé ẹní sílẹ̀. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó ń fetí sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, títí ìyáálé ilé náà fi kígbe mọ́ ọn pé ṣé wọ́n ní kó wá ka pákó ni.

"Mo ti ń rìn lórí ẹ̀ látọjọ́ náà," ni Hàbíbátù wí. "Ẹ̀yin ni ò mọ̀."

Àmúdà wò ó títí. Ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ yẹn rí i pé ojú ìyàwó òun ń tàn bí ojú ọmọdé tí wọ́n ṣèlérí bàtà Iléyá fún. Ó gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Níbo la ó ti rí pákó?"

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ìjọba ológun pààrọ̀ àwọ̀ náírà ni. Àwọn méjèèjì ti fi ilé ìgboro sílẹ̀ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ti kún ibẹ̀ dẹ́nu, wọ́n sì ń kọ́ ilé kékeré kan sí oko bàbá Hàbíbátù, lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà, láàárín igi ọsàn àti ìdí kòkó. Ògiri ti dúró, páànù ti wà lórí. Ilẹ̀ nìkan ló kù. Mùrí, àkọ́bí wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ti sọ pé sìmẹ́ǹtì ni kí wọ́n dà, òun á wá fi kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà bò ó, irú èyí tó ní òdòdó pupa lára tí gbogbo ọ̀gá ọ́fíìsì òun ń lò.

Bí Ọlọ́run yóò ṣe ṣe é, kò pẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ yẹn, oníbàárà kan jókòó sí ìsọ̀ Hàbíbátù, ó ń yí ẹní wò tìwájú tẹ̀yìn, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan pé, "Wọ́n mà ti ń wó ilé Bàbá Oníkòkó. Wọ́n fẹ́ da dẹ́kì sìmẹ́ǹtì síbẹ̀."

Hàbíbátù dìde. Ó ní kí obìnrin náà máa bá òun ṣọ́ ìsọ̀.

"Èmi? Ẹní ni mo wá rà!"

"Ẹ máa tà á fún ara yín!" ni Hàbíbátù fi dáhùn. Ó ti dé ìta.

Ọládùnní, ọmọ-ọmọ Bàbá Oníkòkó, ló ń ṣe àbójútó iṣẹ́ náà. Ó wà láàárín eruku, ó we gèlè mọ́ imú. Bó ṣe rí Hàbíbátù, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá Ẹlẹ́ní. A ò tíì dé orí ẹní rírà o."

"Kì í ṣe ẹní ni mo gbé wá. Pákó òkè yẹn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Àwọn àtijọ́ yìí? Àwọn tó ń dín àkàrà ti sọ pé àwọn á wá kó o, kí wọ́n fi dáná."

Hàbíbátù gbé ọwọ́ lérí. Ó ní bí àkàrà kan bá fi pákó náà jiná, òun ò ní jẹ àkàrà mọ́ láyé. Ọládùnní ń rẹ́rìn-ín, ó ní tí ìyá bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n wá yan èyí tó wù wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́la, owó tí wọ́n bá mú wá kò ní dá ìjà sílẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ kọ́, kí àwọn àdìyẹ tó sọ̀ kalẹ̀ ni Hàbíbátù ti dé ibẹ̀, òun àti Àmúdà àti Fátókun káfíńtà. Fátókun yìí, iṣẹ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa ro bí ojú ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, ohun tó ń wò ni bóyá àwọn ìjókòó àlejò kò ní ṣẹ́.

"Ikán ń bẹ lóko o, Màmá," ni ọ̀rọ̀ tó fi kí wọn káàárọ̀.

"A ti mọ̀, Fátókun."

"Òjò náà ń bẹ."

"Ẹ jẹ́ ká wo pákó."

Wọ́n ti kó àwọn pákó náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi wọ́n ti igi máńgòrò. Fátókun ń fi òòlù kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún kó-kó-kó, ìrókò tó ṣì le ni. Èyí tó bá dún bò, ikán ti jẹ inú rẹ̀ lọ, ìta nìkan ló ń fi tan ènìyàn. Hàbíbátù gbọ́ èyí, ó ní ó yé òun, ṣùgbọ́n òòlù kọ́ ni yóò máa rìn nílé òun. Ó ní kí wọ́n tẹ́ àwọn pákó náà sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ká ìró sókè díẹ̀, ó sì gun èkínní.

Ó rìn ín. Ó dúró. Ó tún un rìn. Ó bọ́ sí èkejì. Lórí ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rìn mọ́, ó ń jó. Kò sí orin, kò sí nǹkan tó ń dún bí kò ṣe ìrókò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbì-gbì, gbì-gbì-gbì, ó sì ń fi ìdí dá a lóhùn. Àwọn lébìrà tó ń wó ilé dá iṣẹ́ dúró. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ọládùnní bọ́ gèlè kúrò nímú kí ó lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Èyí ńkọ́, Màmá?" ni Fátókun bèèrè, ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Ẹ mú un!"

"Èyí?"

"Èyí ò fẹ́ràn mi. Ẹ gbé e fún alákàrà."

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibi àwọn pákó tó lábàwọ́n. Àmúdà fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jọra, kí wọ́n gé èyí tó bá ní àpá dànù, nítorí ilẹ̀ tó dáa ni èyí tí ojú kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Hàbíbátù ní rárá o. Ó rí ọ̀kan tí ojú áyọ́ọ̀nù eléèédú ti jó sí lára, dúdú, ṣóńṣó bí imú ọkọ̀ ojú omi. Ó gbé e mọ́ àyà. Ó rí òmíràn tí àwọn ọmọdé ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò ayò sí, ó ní ìyẹn, ẹnu ọ̀nà gan-an ló ń lọ, kí àlejò mọ̀ pé wọ́n ń jayé nínú ilé.

"Àníkẹ́, pákó tó jóná!"

"Ṣé èmi tí ẹ fẹ́ yìí ò lápá lójúgun ni?"

Àmúdà ronú sí i. "Ojúgun òsì," ó ní.

"Ṣé ẹ gé e dànù?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé òkìtì bíríkì. Láti ìgbà náà, kò sí pákó alábàwọ́n tí kò ní fọwọ́ kàn án kó ní, "Ẹ mú un, ojúgun ìyàwó mi nìyẹn."

Wọ́n yan pákó títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà Olúpọ̀nnà, ọmọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ Àmúdà nígbà kan rí gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá láti kó wọn lọ sóko. Wọ́n ní kí Hàbíbátù jókòó síwájú. Ó kọ̀.

"Kí ni n ó máa ṣe níwájú, nígbà tí ilé mi wà lẹ́yìn?"

Bó ṣe gun òkè pákó nìyẹn, tó fi ìborùn so ara rẹ̀ mọ́ okùn, tó ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tó bá kọjá bí ẹni tó wọlé ìbò. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lóru. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ṣáájú odò kékeré tí wọ́n ní láti là kọjá kí wọ́n tó dé oko, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Ọkọ̀ bú ramúramù, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, okùn kan já, pákó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Hàbíbátù bá méjì nínú wọn lọ. Ó fìdí jókòó lórí wọn, ó fi wọ́n yọ̀ lọ lórí ẹrẹ̀ bí ọmọ tó gun imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì dúró wẹ́rẹ́ nínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà.

Gbogbo ènìyàn fẹ́ pariwo ikú. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ẹ̀rín.

"Ẹ dà mí padà sókè," ó ní, "mo fẹ́ tún un ṣe!"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ọkọ̀ Píjò kan dé ẹ̀yìn wọn, kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà gbọọrọ kan wà lórí rẹ̀. Mùrí ni. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nítorí ẹrẹ̀, ó sì rí ìyá rẹ̀ nínú kòtò.

"Màámi! Kí lèyí?"

"Ilẹ̀ mi ni, ọmọ mi. Ìwọ náà káàbọ̀."

Mùrí wo pákó, ó wo ẹrẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀rín. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ayé ń ti orí pákó bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ẹ̀yin fẹ́ ti orí sìmẹ́ǹtì bọ́ sórí pákó. Wọ́n á ní a ò lè tọ́jú yín. Wọ́n á ní èmi Mùrí jẹ́ kí ìyá mi lọ ṣa igi ìdáná kọ́lé."

"Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ènìyàn."

"Àwọn wo?"

Àwọn ènìyàn náà rèé, wọ́n ń bọ̀ láti ọjà Olúpọ̀nnà, agbọ̀n lórí, ọmọ lẹ́yìn. Hàbíbátù yíjú sí wọn, ó kí wọn kú ọjà, ó ní òun ń kó ìyàwó lọ sílé ni, ọ̀nà sì dí mọ́ òun. Obìnrin kan bèèrè pé ìyàwó wo. Ó nawọ́ sí àwọn pákó.

"Pákó ń lọ ilé ọkọ!" ni ìyá náà pariwo, ó sì sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀.

Ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó lè dá ọ̀kan gbé dá a gbé, àwọn mìíràn ń gbé ọ̀kan ní ẹni méjì-méjì, ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ dábùú mẹ́ta lé e. Wọ́n wọ inú odò, omi kò ju orúnkún lọ, wọ́n ń kígbe "Pákó ń lọ ilé ọkọ!", àwọn tó wà lẹ́yìn ń dáhùn "Kó bá ọkọ ẹ̀ nílé!" Àmúdà ń lọ níwájú bí bàbá ìyàwó, ó ń ya ẹ̀ka igi sọ́nà. Mùrí nìkan ló dúró sójú kan. Ìyá rẹ̀ lọ bá a, ó gbé orí pákó alápá áyọ́ọ̀nù yẹn lé e ní èjìká, òun alára mú ìdí rẹ̀.

"Màámi, aṣọ ọ́fíìsì ni mo wọ̀."

"Pákó ò ní béèrè."

Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, bàtà Mùrí kan bá omi lọ. Ó dúró, ó wo bàtà náà bó ṣe ń léfòó lọ. Ìyá rẹ̀ retí ìbínú. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ tó ti pé ogójì ọdún ń kígbe fatafata pé, "Kó bá ọkọ ẹ̀ nílé!" ó sì bọ́ ìkejì, ó sọ ọ́ tẹ̀ lé e.

Fátókun gba pákó lọ́wọ́ wọn lóko, ó tò ó sí ara ògiri lábẹ́ òrùlé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ, tí ilé yóò sì mọ́ ọn lára. Ó fi ẹ̀mú yọ àwọn ìṣó àtijọ́. Ó fi ìfági ha ojú wọn, ìwọ̀nba tí ìdọ̀tí fi lọ tí àpá kò fi lọ, nítorí Hàbíbátù jókòó tì í, ó ń ṣọ́ ọ bí ìyá tí wọ́n ń gé irun ọmọ rẹ̀. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, wọ́n gbé igi ìdábùú lé e, kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àmúdà bèèrè ọ́ìlì tí wọ́n ti lò lọ́wọ́ gbogbo awakọ̀ tó mọ̀, wọ́n fi kun ìsàlẹ̀ pákó nítorí ikán. Bí wọ́n ṣe ń kan ìkẹyìn, Fátókun dìde, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. Ó dún gbì, gbì, gbì. Ó tún un rìn padà.

"Kò burú," ó ní. Ẹni tó bá mọ Fátókun mọ̀ pé ẹni tó yọ̀ dé góńgó ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe àdúà ìṣílé, Hàbíbátù ti jí fi ìda oyin àti àdín ra ilẹ̀ náà. Wọ́n ní díẹ̀ ló yẹ kó fi ra á. Ta ló ráyè díẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ó ra á, ó nù ún, ó tún un ra, títí ó fi lè rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àlejò kún ìta. Aáfà Mùkáílà dé pẹ̀lú láwàní funfun báláú àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, ẹni iyì tí kì í yára rìn, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ní "Bísímílláì," ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò dúró. Ó ń lọ. Aáfà Mùkáílà tẹ̀ lé e. Ó fi ìdúróṣinṣin kọjá láàárín yàrá, apá méjèèjì nà bí ẹyẹ tó fẹ́ bà, tẹ̀sùbáà ń fì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjá níwájú Mùrí, ó kọjá níwájú Àmúdà, ó dé ara ògiri òdìkejì, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni pé ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Láwàní bọ́ sí i lójú.

Hàbíbátù fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń bẹ ilẹ̀ kó lanu gbé òun mì, ilẹ̀ náà kan náà.

Aáfà gbé láwàní sókè díẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ òórùn oyin lára ọwọ́ rẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ga débi pé àwọn ẹyẹ fò lórí igi ọsàn.

"Ẹ ṣe àmín," ó ní, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, Ọlọ́hun jẹ́ kí onílé náà máa yọ̀!"

"Àmín!"

"Ẹni tó bá yọ̀ níbẹ̀, kó dìde, kó tún máa yọ̀!"

"Àmín o! Àmín!"

Lẹ́yìn èyí, ta ni yóò tún rìn? Àwọn ọmọdé bọ́ bàtà, àwọn ìyá wọn tẹ̀ lé wọn. Mùrí, tó ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun á wo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, kí òun sì padà sí Ìbàdàn kí oòrùn tó wọ̀, ló ń díje pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ta ni yóò yọ̀ jìnnà jù. Kápẹ́ẹ̀tì olódòdó pupa yẹn, Ọládùnní ló gbà á fún yàrá kan nínú ilé tuntun rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i gan-an. Kí ọdún náà tó parí, ará Ilé-Ogbó méjì ti wá pe Fátókun pé àwọn náà ní pákó àtijọ́ lókè àjà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìṣílé náà, nígbà tí àlejò ìkẹyìn ti lọ, Hàbíbátù àti Àmúdà di ọwọ́ ara wọn mú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sáré díẹ̀ níta, wọ́n sì jẹ́ kí ilẹ̀ gbé wọn lọ. Wọ́n ṣe é títí wọ́n fi gbọ́ ìpè ìrun mọ̀ngàríbà láti ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n dúró, wọ́n kọjú sí gábàsì, wọ́n ṣe ojú bí àgbàlagbà. Àmúdà kábàrá, ìrun bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ tẹ̀ ba, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yọ̀ díẹ̀, Hàbíbátù rí i, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, wọ́n sì ní láti tún ìrun náà kí látìbẹ̀rẹ̀.